Eyín Tó Ká àti Eyín Àgbìn: Láti Imú Wúrà Arfajah Títí Dé Òde Òní

Bismi-Llāhir-Rahmānir-Rahīm.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá ènìyàn ní ìdá tó dára jù lọ, Ẹni tó fún wa ní ahọ́n, ètè àti eyín kí á lè fi jẹun, kí á sì lè fi ké Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ àjíǹde.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń bi àwọn àáfà, pàápàá lẹ́yìn ìjàǹbá ọ̀kadà tàbí nígbà tí dókítà bá yọ eyín tó ti jẹrà. Wọ́n á ní: ṣé ẹni tó bá fi eyín mìíràn sí ipò eyín tó ká kò tíì yí ìdá Ọlọ́hun padà? Àwọn àgbàlagbà náà ń bi í lọ́nà tiwọn. Wọ́n á ní ọjọ́ orí ló dé, kí ni arúgbó tún ń fi eyín tuntun ṣe? Nítorí pé wọn kò rí ìdáhùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Òmíràn kò lè jẹ ẹran tàbí àgbàdo mọ́. Òmíràn tó mọ Àlùkùránì dáadáa kì í fẹ́ ṣíwájú ìrun mọ́, nítorí pé àwọn lẹ́tà kan kò jáde lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Lóde òní, dókítà eyín lè ri irin kékeré kan mọ́ inú egungun àgbọ̀n, kí ó sì gbé eyín tuntun lé e lórí. Dental implant ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní zirāʿatul-asnān, èyí tó túmọ̀ sí gbígbin eyín, bí àgbẹ̀ ṣe ń gbin irúgbìn. Nítorí náà, eyín àgbìn ni àwa náà yóò máa pè é nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé irin náà ló jẹ́ tuntun, ìbéèrè náà kì í ṣe tuntun rárá. Láti ayé Ànábì (s.a.w) ni irú rẹ̀ ti wáyé, àwọn onímọ̀ wa sì ti jíròrò lé e lórí fún ohun tó lé ní 1,200 ọdún. Ẹ jẹ́ kí á tọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ipò tí eyín wà nínú ẹ̀sìn wa

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀sìn Ìsìláàmù kò fi ojú kékeré wo eyín. Nínú ìwé tí Ànábì (s.a.w) fi ránṣẹ́ sí àwọn ará Yemen, èyí tí Amr ibn Hazm mú lọ, ó wà níbẹ̀ pé ràkúnmí 5 ni owó ìtánràn fún eyín kan ṣoṣo tí ènìyàn bá kán lẹ́nu ẹlòmíràn. Ràkúnmí 100 ni owó ẹ̀jẹ̀ odidi ènìyàn. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín: eyín kan péré, ìdá 1 nínú 20 owó ẹ̀mí! Bákan náà ni Ànábì (s.a.w) tẹnu mọ́ pákò rírun tó bẹ́ẹ̀ tó fi sọ pé bí kì í bá ṣe pé yóò ni ìjọ òun lára ni, òun ìbá pa á láṣẹ fún wọn nígbà gbogbo tí wọ́n bá fẹ́ kírun.

Ẹ tún wo kíké Àlùkùránì. Ẹni tó bá ti kọ́ tajwīd mọ̀ pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní ibùjáde tirẹ̀. Fāʾ ń jáde láàrin ètè ìsàlẹ̀ àti ẹnu eyín iwájú tòkè. Thāʾ, dhāl àti ẓāʾ ń jáde níbi tí orí ahọ́n ti kan ẹnu eyín iwájú tòkè. Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ni ḍād ti ń jáde, níbi tó ti kan àwọn eyín ńlá ẹ̀yìn. Nínú Fātiḥah nìkan, a máa rí dhāl nínú «alladhīna», a sì máa rí ḍād nínú «al-maghḍūbi» àti «aḍ-ḍāllīn». Ìyẹn ni pé gbogbo rakʿah tí a bá kí ni eyín wa ń bá wa ṣiṣẹ́. Kí ẹni tí eyín rẹ̀ ti ká má ṣe bẹ̀rù o. Ọlọ́hun kì í di ẹrù tó ju agbára lọ lé ẹ̀mí kankan lórí, ìrun onítọ̀hún dára. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé ẹni tó wá ọ̀nà àtitún ibùjáde lẹ́tà ṣe ń lépa afẹ́ ayé lásán?

Eyín tó ká lọ́jọ́ Uhud

Ní oṣù Ṣawwāl, ọdún 3 lẹ́yìn Hijira, tí í ṣe ọdún 625, ogun Uhud wáyé lẹ́bàá ìlú Mẹ̀dínà. Ọjọ́ náà le fún àwọn mùsùlùmí. Òkúta ba Ànábì (s.a.w) lẹ́nu, eyín rẹ̀ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn eyín iwájú sì kán. Òrùka irin méjì tó wà lára àṣíborí ogun rẹ̀ wọlé sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n sì há síbẹ̀.

Àwọn onítàn sọ pé Abu Ubaydah ibn al-Jarrah ló sún mọ́ ọn láti yọ wọ́n. Kò fẹ́ fi ọwọ́ fà á kí ó má baà dun Ànábì (s.a.w), ló bá fi eyín iwájú rẹ̀ di òrùka àkọ́kọ́ mú, ó sì rọra fà á jáde. Òrùka jáde, eyín Abu Ubaydah kan náà bá a jáde. Ó tún lọ síbi ìkejì, eyín kejì náà tún bọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti di ẹni tí kò ní eyín iwájú méjì. Síbẹ̀, wọ́n sọ nípa rẹ̀ pé a kò rí akáyín tó rẹwà tó o rí.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́wàá tí Ànábì (s.a.w) fún ní ìró ìdùnnú ọgbà ìdẹ̀ra ni Abu Ubaydah. Òun ló ṣe olórí àwọn ọmọ ogun mùsùlùmí nílẹ̀ Ṣāmù nígbà ìjọba Umar, kí àjàkálẹ̀ àrùn Amwas tó gba ẹ̀mí rẹ̀ ní ọdún 18 lẹ́yìn Hijira. Àlàfo tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò dín iyì rẹ̀ kù rárá. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ máa mú níbi ìtàn yìí nìyẹn: eyín tó ká kì í ṣe ẹ̀gàn. Kí ọmọ yín má ṣe fi akáyín ṣe yẹ̀yẹ́ nílé kéwú tàbí nílé ìwé.

Imú Arfajah

Sàhábà mìíràn wà tó ń jẹ́ Arfajah ibn Asʿad. Ní ayé àìmọ̀kan, kí Ìsìláàmù tó dé, wọ́n gé imú rẹ̀ lójú ogun Kulab. Ó fi fàdákà rọ imú mìíràn, ó gbé e síbẹ̀. Nígbà tó pẹ́, imú fàdákà yìí bẹ̀rẹ̀ sí í rùn mọ́ ọn lójú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Ànábì (s.a.w), ó pa á láṣẹ fún un pé kí ó lọ fi wúrà ṣe imú. Abu Dawud, Tirmidhi àti Nasai ló gba hádíìsì yìí wá.

Ẹ dúró kí ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí. Gbogbo wa la mọ̀ pé wúrà jẹ́ èèwọ̀ fún ọkùnrin nínú ẹ̀sìn wa. Ọkùnrin mùsùlùmí kì í lo òrùka wúrà. Síbẹ̀, Ànábì (s.a.w) fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ wúrà fún Arfajah, kí ó gbé e sí àárín ojú níbi tí gbogbo ayé yóò ti máa rí i. Kí ló dé? Nítorí pé ẹ̀yà ara kan ti sọnù, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi dí i sì ń ṣe ìpalára. Omi ara àti èémí a máa ba fàdákà jẹ́ kí ó dúdú, wúrà kì í yí padà. Ànábì (s.a.w) kò sọ fún un pé kí ó gba kádàrá kí ó sì máa rìn kiri láìní imú. Kò sì sọ fún un pé ó ti yí ìdá Ọlọ́hun padà. Ohun tí ara rẹ̀ yóò gbà ni ó ní kí ó lò.

Orí hádíìsì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ eyín dúró lé láti ọjọ́ náà wá. Imam Tirmidhi, tó kú ní ọdún 279 lẹ́yìn Hijira, fi kún un lẹ́yìn tó gbà á wá pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ni wọ́n gbọ́ nípa wọn pé wọ́n fi wúrà so eyín wọn tó ń mì.

Ohun tí àwọn onímọ̀ fíkì bá ara wọn sọ

Àwọn onímọ̀ wa kò kàn gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé láìyẹ̀ ẹ́ wò. Imam Abu Hanifa, tó kú ní ọdún 150 lẹ́yìn Hijira, sọ pé tí eyín bá ń mì, fàdákà ni kí ènìyàn fi so ó, kí ó má fi wúrà so ó. Ọmọ ilé ìwé rẹ̀, Muhammad ibn al-Hasan, ní kò sí aburú nínú wúrà, ó sì fi ọ̀rọ̀ Arfajah ṣe ẹ̀rí. Àwọn tó gbè sẹ́yìn Abu Hanifa dáhùn pé imú Arfajah ló rùn, ìdí nìyẹn tó fi bọ́ sórí wúrà. Bí fàdákà bá ti ṣiṣẹ́ náà lẹ́nu láìsí ìpalára, kò sí ìdí láti kọjá rẹ̀. Ẹ rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó sọ pé kí eyín máa mì títí yóò fi bọ́. Ohun èlò ni wọ́n ń jiyàn lé lórí.

Wọ́n tún lọ síwájú sí i. Tí eyín bá ti jábọ́ pátápátá ńkọ́? Al-Kasani, onímọ̀ kan tó kú sí ìlú Aleppo ní ọdún 587 lẹ́yìn Hijira, kó ọ̀rọ̀ wọn jọ sínú ìwé rẹ̀ Badāʾiʿ aṣ-Ṣanāʾiʿ. Gbogbo wọn ló fẹnu kò pé kò dára kí ènìyàn mú eyín òkú kó wá fi dí ẹnu ara rẹ̀. Ní ti eyín òun fúnra rẹ̀ tó jábọ́, Abu Hanifa àti Muhammad kò fẹ́ kí ó dá a padà. Wọ́n ní kí ó mú eyín àgùntàn tí wọ́n dúńbú ní ìlànà ẹ̀sìn, kí ó so ó sí àyè náà. Abu Yusuf ní tirẹ̀, ẹni tó jẹ́ olórí adájọ́ nígbà ìjọba Harun ar-Rashid, sọ pé kò sí aburú nínú kí ènìyàn dá eyín ara rẹ̀ padà. Eyín ẹlòmíràn ni kò dára.

Ẹ ronú sí i ná. Ọ̀rọ̀ eyín àtọwọ́dá ti dé iwájú àwọn onímọ̀ mùsùlùmí ní ohun tó lé ní 1,200 ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì ti ya ohun mímọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀gbin, wọ́n sì ti bu ọlá fún òkú.

Àwa tó wà nílẹ̀ Yorùbá, mazhab Imam Malik ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ń tẹ̀lé. Ìwé Mukhtaṣar tí Khalil kọ wà lára àwọn ìwé fíkì tí àwọn àáfà wa ń kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ nípa wúrà àti fàdákà tó jẹ́ èèwọ̀ fún ọkùnrin, ó yọ imú àti eyín síso sílẹ̀ nínú èèwọ̀ náà. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú ìwé àwọn àáfà wa, ẹ ní kí ó padà lọ kà á.

Az-Zahrawi, oníṣẹ́ abẹ ìlú Cordoba

Láti ọwọ́ àwọn onímọ̀ fíkì, ẹ jẹ́ kí á bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣègùn. Ní Andalus, tí í ṣe ilẹ̀ Sípéènì lónìí, mùsùlùmí kan wà tó ń jẹ́ Abul-Qasim az-Zahrawi. Ìlú Madinat az-Zahra, nítòsí Cordoba, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ní nǹkan bí ọdún 1000, ó parí ìwé ìṣègùn ńlá kan tó pè ní Kitab at-Tasrif, ìwé tó ní apá 30. Iṣẹ́ abẹ ni apá ìkẹyìn dá lé, ó sì ya àwòrán nǹkan bí 200 irinṣẹ́ síbẹ̀ kí ẹni tó ń kàwé lè rọ irú wọn.

Ọ̀rọ̀ eyín pọ̀ nínú ìwé náà. Ó ya àwòrán àwọn irin tí wọ́n fi ń ha ìdọ̀tí líle tó gan mọ́ ìdí eyín. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń so eyín tó ń mì mọ́ èyí tó dúró ṣinṣin, kí wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba àárín wọn kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wúrà ló fẹ́ràn jù fún wáyà náà, ó ní fàdákà máa ń bàjẹ́ láàrin ọjọ́ díẹ̀, wúrà kì í yí padà. Ẹ kò rí i pé ọ̀rọ̀ Arfajah náà ló tún padà wá? Lẹ́yìn náà ló sọ pé eyín tó ti jábọ́ ṣeé dá padà sí àyè rẹ̀ kí wọ́n so ó, tàbí kí wọ́n gbẹ́ egungun màlúù bí eyín, kí wọ́n fi sí àlàfo náà, ẹni náà yóò sì máa lò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó fi kún un pé oníṣẹ́ tó mọwọ́ rẹ̀ dáadáa ni kí ó ṣe é.

Ó tún kìlọ̀ nípa àwọn onígbàjámọ̀ tí kò kọ́ṣẹ́. Ó ní ìrora eyín a máa tan aláìsàn jẹ, yóò nàka sí eyín tó dára, onígbàjámọ̀ yóò yọ ọ́, ìrora kò sì ní lọ. Ó ní òun ti rí i tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lọ́wọ́ wọn.

Ní sẹ́ńtúrì kejìlá, Gerard ti ìlú Cremona túmọ̀ apá iṣẹ́ abẹ yìí sí èdè Látìnì ní Toledo. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Yúróòpù fi kọ́ṣẹ́ nínú rẹ̀.

Eyín òkú àti eyín tálákà

Àwọn ará Yúróòpù gba irinṣẹ́ az-Zahrawi, ṣùgbọ́n ààlà tí àwọn onímọ̀ fíkì fà kò sí lọ́wọ́ wọn. Ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, ní ìlú London, ó di àṣà kí àwọn ọlọ́rọ̀ ra eyín lẹ́nu tálákà. Wọ́n á yọ eyín tó dára lẹ́nu ọmọ tálákà, wọ́n á sì kì í bọ ẹnu olówó lójú ẹsẹ̀. Gbajúmọ̀ oníṣẹ́ abẹ kan, John Hunter, tó tẹ ìwé jáde lórí eyín ní ọdún 1771, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó mú kí àṣà náà gbilẹ̀. Àwọn eyín náà kì í pẹ́ lẹ́nu, àwọn mìíràn sì tún ń kó àrùn bá ẹni tó gbà wọ́n.

Ní Amẹ́ríkà, George Washington, ààrẹ wọn àkọ́kọ́, ní eyín kan ṣoṣo tó kù lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó gun orí oyè ní ọdún 1789. Ìwé ìṣirò owó oko rẹ̀ ti ọdún 1784 ní àkọsílẹ̀ owó tí wọ́n san fún àwọn aláwọ̀ dúdú lórí eyín 9. Ẹni tí wọ́n fi ṣe ẹrú, ṣé ó lè sọ pé òun kò ta eyín òun? Lẹ́yìn ogun Waterloo ní ọdún 1815, àwọn ènìyàn tú eyín lẹ́nu òkú àwọn ọmọ ogun, wọ́n kó o lọ tà fún àwọn tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá. Orúkọ ogun náà ni irú eyín bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ lọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tí ẹ bá ka èyí tán, ẹ padà wo ìdájọ́ tí àwọn onímọ̀ wa ti ṣe ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan eyín òkú. Ànábì (s.a.w) ti kọ́ wa pé ẹni tó bá ṣẹ́ egungun òkú dà bí ẹni tó ṣẹ́ egungun alààyè. Ẹ̀sìn wa fẹ́ ìwòsàn, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí á fi ìyà ẹlòmíràn ra á.

Irin tí egungun gbà

Láti ayé Arfajah títí di àná yìí, ìṣòro kan náà ló wà nílẹ̀: kí ni ohun tí ara yóò gbà, tí kò ní rùn, tí kò ní bàjẹ́, tí kò sì ní mì? Wúrà kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó rọ̀, síso nìkan ni wọ́n lè so ó. Kò ní gbòǹgbò.

Láàrin ọdún 1950 sí 1960, dókítà kan ní orílẹ̀-èdè Sweden, Per-Ingvar Brånemark, ń ṣe ìwádìí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú egungun. Ó fi irin kan tó ń jẹ́ titanium ṣe ohun èlò kékeré, ó rì í sínú egungun ẹsẹ̀ ehoro. Nígbà tó fẹ́ yọ ọ́, kò yọ. Egungun ti hù mọ́ irin náà, àwọn méjèèjì ti di ọ̀kan. Ẹlòmíràn ìbá bínú pé irin olówó iyebíye ti ṣòfò. Brånemark bẹ̀rẹ̀ sí í ronú lórí bí àwọn ènìyàn ṣe lè jàǹfààní rẹ̀. Ní ọdún 1965, ní ìlú Gothenburg, ó gbin mẹ́rin nínú irin yìí sí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gösta Larsson, ẹni tí kò ní eyín kankan níbẹ̀. Ọkùnrin náà lo eyín tí wọ́n gbé lé wọn lórí títí ó fi kú ní ọdún 2006. Àwọn oníṣègùn eyín kò tètè gba Brånemark gbọ́. Ìgbà tó ṣe àlàyé iṣẹ́ rẹ̀ níbi ìpàdé kan ní Toronto, ní Canada, ní ọdún 1982, ni ayé tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á.

Kì í ṣe mùsùlùmí ni Brånemark. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun ló fi ìwà yẹn sí ara titanium àti sí ara egungun láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ènìyàn kàn bá a pàdé ni. Ọ̀rọ̀ Ànábì (s.a.w) ni pé Ọlọ́hun kò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀, àyàfi ogbó.

Ìwòsàn ni àbí yíyí ìdá Ọlọ́hun padà?

Nínú Sūratun-Nisāʾ, Ọlọ́hun sọ fún wa pé Ṣàítánì ṣèlérí láti máa pa àwọn ènìyàn láṣẹ kí wọ́n yí ìdá Ọlọ́hun padà. Nínú hádíìsì Ibn Masʿud tí Bukhari àti Muslim gbà wá, ègún wà fún àwọn tó ń fá eyín wọn kí àlàfo lè wà láàrin rẹ̀ nítorí ẹwà. Gbólóhùn «nítorí ẹwà» yìí ni kí ẹ dì mú. Imam an-Nawawi, tó kú ní ọdún 676 lẹ́yìn Hijira, ṣàlàyé pé òun ló fi hàn pé tí ó bá jẹ́ nítorí ìwòsàn tàbí àléébù tó wà lára eyín, kò sí aburú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá gbọ̀n-ọ́n. A fẹ́ràn èjí. A máa ń fi ki obìnrin, a máa ń fi ki ọkùnrin. Ẹni tí Ọlọ́hun dá èjí mọ́, ẹ̀bùn Ọlọ́hun ni, kí ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí eyín rẹ̀ pé, tó lọ jókòó kí wọ́n fi irin ya èjí fún un, òun gan-an ni hádíìsì náà ń bá wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ eyín wúrà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láyé àwọn bàbá wa, àwọn kan a máa ti Mẹ́kà dé pẹ̀lú eyín wúrà lẹ́nu, kí ará ilé lè mọ̀ pé Àlhájì ti dé. Ọkùnrin tó fi wúrà bo eyín tó dára nítorí ọ̀ṣọ́ kò lè fi Arfajah ṣe ẹ̀rí, nítorí pé Arfajah kò ní imú. Ọlọ́hun kí Ó forí jin àwọn tó ti lọ.

Ẹni tí eyín rẹ̀ ká wà lódì kejì. Ìdá tí Ọlọ́hun dá a ní eyín nínú, òun náà ló fẹ́ padà sí. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ fíkì láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè mùsùlùmí pàdé ní Malaysia lábẹ́ International Islamic Fiqh Academy, wọ́n sì fẹnu kò pé iṣẹ́ abẹ tó bá jẹ́ láti dá ẹ̀yà ara padà sí bí Ọlọ́hun ṣe dá a, tàbí láti tún àléébù ṣe, tọ́ lábẹ́ òfin ẹ̀sìn.

Ohun tí ẹ lè mú lò

Ẹ̀yin òbí, ẹ fi ọ̀rọ̀ Abu Yusuf sọ́kàn. Tí ọmọ yín bá ṣubú, tí eyín àgbà rẹ̀ kan sì jábọ́ tòun ti gbòǹgbò, ẹ má jù ú nù. Ibi tó funfun ni kí ẹ ti dì í mú, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀. Bí ó bá dọ̀tí, ẹ rọra ṣàn án, ẹ má fi nǹkan ha á. Ẹ dá a padà sínú ihò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, tàbí kí ẹ fi sínú mílíìkì olómi, kí ẹ sáré lọ bá dókítà eyín láàrin wákàtí kan. Eyín àgbà nìkan ni à ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún o, a kì í dá eyín ọmọdé padà.

Ẹni tó bá fẹ́ eyín àgbìn, kí ó mọ̀ pé iṣẹ́ sùúrù ni. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ́ irin náà wọ inú egungun bí ìgbà tí káfíńtà ń lọ́ ìṣó, ó sábà máa ń tó oṣù 3 sí 6 kí egungun tó dì mọ́ ọn, kí wọ́n tó gbé eyín lé e. Ẹni tó ń mu sìgá, ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ kò sí ní ìkáwọ́, àti ẹni tí erìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ tún ìyẹn ṣe ná. Bí egungun bá kéré, dókítà lè fẹ́ fi nǹkan kún un. Ẹ bi í léèrè ibi tí nǹkan náà ti wá, nítorí pé òmíràn wá láti ara màlúù, òmíràn láti ara ẹlẹ́dẹ̀ tàbí òkú ènìyàn, òmíràn sì jẹ́ àtọwọ́dá. Ẹ sọ fún un pé mùsùlùmí ni yín.

Owó rẹ̀ pọ̀. Ẹ má torí rẹ̀ yá owó èlé, ẹ má sì torí rẹ̀ jẹ ẹ̀tọ́ ìyàwó àti ọmọ. Eyín àtọwọ́dá tí à ń yọ tí à ń fi wà, kò wọ́n tó o, ó sì ń jẹ́ kí ènìyàn jẹun kó sì ké Àlùkùránì. Ẹ sá fún onígbàjámọ̀ ayé òde òní tó ń ṣe eyín ní ojú títì. Dókítà eyín gbọ́dọ̀ ní ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ Medical and Dental Council of Nigeria. Ẹ̀ka ìtọ́jú eyín wà ní ilé ìwòsàn ńlá àwọn yunifásítì ní Ìbàdàn, ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó àti ní Ilé-Ifẹ̀.

Ní ti àlùwàlá, kí ọkàn yín balẹ̀. Sunna ni yíyọ ẹnu nínú mazhab Maliki, eyín tó ti dì mọ́ egungun sì ti di ara yín. Ẹ yọ ẹnu lé e lórí bí ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Lékè gbogbo rẹ̀, eyín tí Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ gbìn ló dára jù. Àgbìn ọwọ́ dókítà kò tó o. Nítorí náà, ẹ máa run pákò, ẹ máa fọ ẹnu kí ẹ tó sùn, ẹ dín ohun dídùn kù fún àwọn ọmọ. Ẹ rántí pé ràkúnmí 5 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

A bẹ Ọlọ́hun kí Ó bá wa ṣọ́ àwọn ẹ̀yà ara wa, kí Ó jẹ́ kí á fi wọ́n sìn Ín, kí Ó wo àwọn aláìsàn wa sàn, kí Ó sì fún wa ní ìmọ̀ tó ń ṣe àǹfààní. Āmīn.

Was-salāmu ʿalaykum wa raḥmatu-Llāhi wa barakātuh.